Ṣé agbè ni mí?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀ bó ṣe máa ń rí, àmọ́ mo ti pa ìyẹn tì di oṣù tó ń bọ̀, ẹ má bínú. Mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, àkọ́kọ́ nínú wọn ò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á, òun ló máa gba àyè jù.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òkè-Fìà ni mò ń gbé níbí l'Óṣogbo. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 29, bímọ ọkùnrin lóṣù tó kọjá, oyún àkọ́kọ́ ẹ̀ ni lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tó ti wà nílé ọkọ. Ọjọ́ kẹta lọmọ náà kú. Mo sáré lọ bá a, mo dì mọ́ ọn, mo sì sọ ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ, mo ní kó má sunkún mọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́, pé tó bá di ìwòyí ọdún tó ń bọ̀ ìbejì la máa wá kí i. Mà, ó kàn wò mí báyìí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé agbè ni mí?" Látọjọ́ yẹn kì í gbé kọ́ọ̀lù mi mọ́. Àràárọ̀ ni mò ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí i lórí wáàsápù, ó ń rí i, àmì búlúù ń hàn, kì í fèsì. Ìyá ọkọ ẹ̀ ní ó ń ṣe agídí ni, pé kò gba kádàrá. Kí ni mo sọ tó burú mà? Àdúrà mà ni mo ṣe fún un.

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o ò ṣe ibi. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lo mú sọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ìyá ẹ, tí wọ́n sọ fún ìyá tèmi náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àbúrò ẹ bi ẹ́ yẹn, mo ti ń gbé e kiri látìgbà tí mo ti ka lẹ́tà ẹ, mi ò sì rí ibi tó ti jẹ̀bi.

Nínú òwe yẹn, ìyá ni agbè, ọmọ ni omi. Tómi bá dànù, ta ló ń wá a? Èèyàn á padà sódò ni, á tún pọn òmíì, omi àná àti omi òní ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmọ́ kì í ṣe omi ni àbúrò ẹ gbé fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó mọ ìgbà tọ́mọ yẹn máa ń jí nínú òun, ó mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa ń na ẹsẹ̀ sí, òun ti mọ̀ ọ́n kẹ́nikẹ́ni tó rí i sójú, ọmọ yẹn gan-an ló ń wá. Tá a bá wá ní ìbejì ń bọ̀, ohun tétí ẹ̀ ń gbọ́ ni pé èyí tó lọ yẹn kì í ṣe nǹkan kan.

Mi ò bú òwe o. Àwọn àgbà tó ń pa á mọ ohun tí wọ́n ń rí, ìgbà tó jẹ́ pé obìnrin lè kú sórí ìkúnlẹ̀ tọmọtọmọ, tí ìyá bá yè wọ́n á fa ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní ká dúpẹ́, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni láàárín ara wọn. Àwa la gbé e wá sójú ìyá ọmọ lọ́jọ́ kẹta.

Èmi náà sọ ọ́ rí, kí n má purọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rọbí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Mi ò mọye ìgbà tí mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì obìnrin tọ́mọ ẹ̀ ò ké, tí mo ní "Màdáámù, ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀yin yè", tí mo sì yíjú kúrò torí ẹlòmíì ń pariwo ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ìgbà tó kàn mí ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ oṣù méje, ibà ló gbé e lọ láàárín ọjọ́ méjì. Ilé kún. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ dáadáa ni gbogbo ẹ̀, Ọlọ́run ló fún wa Ọlọ́run ló gbà á, mọ́kàn le, o ṣì kéré, ó máa ń ṣe mí bíi kí n wọ ilẹ̀ lọ.

Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa nígbà yẹn, aláró ni, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yin ará Òṣogbo mọ bí ọwọ́ aláró ṣe máa ń rí. Ọjọ́ kẹrin ló wọlé. Ó ní "ẹ kú ará fẹ́ra kù", ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dákẹ́. Báàfù kan wà lẹ́yìnkùlé, nápíkìn ọmọ ló wà nínú ẹ̀, èyí tí mo rẹ láàárọ̀ ọjọ́ tá a gbé e lọ sọ́sibítù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó ti ń rùn. Àwọn ará ilé fẹ́ lọ dà á nù kí n má bàa rí i. Ìyá yìí bi mí pé "Ṣé kí n fọ̀ ọ́, àbí kí n fi sílẹ̀?" Òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní nǹkan kan láti ọjọ́ yẹn, àwọn tó kù ń sọ fún mi ni. Mo ní kó fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mò ń wo ọwọ́ dúdú yẹn lára aṣọ funfun, ó sá a sórí okùn, ó wá padà wá jókòó, ó ní "Báwo ló ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?" Mo sì sọ fún un. Mo sọ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, òun náà sunkún. Kò sọ pé Ọlọ́run á pèsè òmíì. Ó mọ̀ pé mo mọ̀ pé Ọlọ́run lè pèsè.

Jẹ́ kí n wá bi ẹ́. Kí lorúkọ ọmọ àbúrò ẹ? Lẹ́tà ẹ gùn, mo wá orúkọ níbẹ̀ mi ò rí i. Mo mọ ohun tó fà á, ọjọ́ kẹjọ la ń kó oyin àti ataare jáde, ọmọ tó bá lọ lọ́jọ́ kẹta kò tí ì lórúkọ lójú ayé. Àmọ́ ṣé ìyá tó dúró fún ọdún mẹ́rin ò ní lórúkọ kan nínú? Ó ti ń fi pè é lóru nígbà tó ṣì wà nínú. Lọ bi í.

Ọ̀rọ̀ pé kò gba kádàrá yẹn dùn mí. Ìlú Òṣogbo wa yìí, ibi táwọn obìnrin ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn lóṣù kẹjọ ọdọọdún wá bu omi Ọ̀ṣun nítorí ọmọ, ibí náà la ti máa ní kí ìyá tọ́mọ ẹ̀ kú má sunkún? Mùsùlùmí mélòó nínú wa ni ò gbọ́ bí Ànọ́bì Muhammad ṣe sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ ẹ̀ ń kú lọ, tó ní ojú ń da omijé, ọkàn ń bàjẹ́, àmọ́ a ò ní sọ ohun tí Olúwa wa ò yọ́nú sí. Ẹkún àti ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀ pa pọ̀. Nínú Bíbélì, Jésù mọ̀ dájú pé òun fẹ́ jí Lásárù dìde, kò ní pẹ́ rárá, síbẹ̀ nígbà tó rí Màríà tó ń sunkún, òun náà sunkún. Ẹni tó mọ̀ pé ayọ̀ ń bọ̀ kò ní kí wọ́n dákẹ́, ṣé àwa tá ò mọ ọ̀la la máa wá ní kí wọ́n dákẹ́. Ìyá ọkọ ẹ̀ náà ńkọ́, bóyá òun náà ní tiẹ̀ níbì kan tí wọn ò jẹ́ kó sun. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 lórí ìlera àwọn ìdílé ní Nàìjíríà sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bá bí láàyè, 39 ló ń kú kí wọ́n tó pé oṣù kan, 67 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ẹ fojú inú wo iye ìyá tó jókòó sọ́jà Olú-Òde báyìí tó ń tajà, tọ́rọ̀ yìí wà nínú wọn tí wọn ò sọ fẹ́nì kankan.

Nǹkan mìíràn tún wà tí èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì ò lè fò. Ọyàn. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbímọ ni omi ọyàn máa ń dé dáadáa, ara ò mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Lọ́jọ́ tó ò ń sọ ìbejì fún un yẹn, ó ṣeé ṣe kí omi ọyàn máa rin aṣọ ẹ̀ lábẹ́ ìborùn. Ẹ̀yin tó bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé báyìí, ẹ bá a wá kọ́mú tó dì í mú dáadáa tí kò há jù, ẹ ki aṣọ bọ omi tútù kẹ́ ẹ gbé e lé e, tó bá le gan-an kó fún díẹ̀ jáde kára lè tù ú, kó má fún un tán torí tó bá ń fún un tán òmíràn á máa dé. Tó bá pupa tàbí tí ara ẹ̀ bá gbóná, ọsibítù ni o.

Ìwọ wá ńkọ́. Dá àdúrà àràárọ̀ yẹn dúró ná, máa gbà á fún un nínú yàrá ẹ, Ọlọ́run á gbọ́. Gbéra lọ bá a. Mú nǹkan tó fẹ́ràn láti kékeré dání, sè é nílé kó o gbé e sínú kúlà, má lọ máa béèrè pé kí ló fẹ́ jẹ torí kò mọ̀. Tó o bá débẹ̀, sọ pé "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ò dáa, má bínú sí mi." Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò nílẹ̀ wa, bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn kó o dákẹ́. Tó bá sunkún, má fa aṣọ ìnujú yọ kó o máa nu ojú fún un kíákíá bíi pé nǹkan bàjẹ́. Tí kò bá sọ̀rọ̀, fọ abọ́, gbálẹ̀, jókòó. Tó bá lé ẹ, lọ, kó o padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọkọ ẹ̀ náà, kí i fún tiẹ̀, torí ohun tí gbogbo ayé ń sọ fún un ni pé kó tọ́jú ìyàwó ẹ̀, ọmọ òun náà ló kú.

Àwọn àgbà wa kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, àánú ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n tí àbúrò ẹ bá bi ẹ́, má parọ́, má sì ní kó gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nílẹ̀. Ìwọ àti ọkọ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́.

Èyí tó o fi gbọ́dọ̀ sáré gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà: tó bá ń sọ pé òun fẹ́ bá ọmọ lọ, tó bá ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, tí kò sùn rárá. Tó bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lè dìde wẹ̀, tí oúnjẹ ò wọ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ẹ lọ rí dókítà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ara ẹ̀ ṣì ń yí. Ìwọ ni kó o bá a lọ, má ní kó máa lọ.

Ìbéèrè

Màmá, ẹ kú làálàá. Ọ́fíìsì kan náà ni èmi àti ọ̀gbẹ́ni yìí wà, lágbègbè Ìgbónà. Ìyàwó ẹ̀ kú lóṣù méjì sẹ́yìn, ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tá a máa sọ, gbogbo wa ń ṣe bíi pé a ò rí i. Lórí gúrúùpù wáàsápù, èèyàn bí ogójì ló fi "be strong" ránṣẹ́, sítíkà kan náà. Èyí tó tún wá ṣòro ni pé lọ́jọ́ míì ó máa ń bá wa rẹ́rìn-ín lórí bọ́ọ̀lù, àwọn kan ti wá ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ó ti gbàgbé, pé yóò ti máa wá òmíràn. Kí ló yẹ kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ ṣé, àbúrò mi. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n dákẹ́. Bí ọ̀fọ̀ ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn, Margaret Stroebe àti Henk Schut, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Utrecht nílẹ̀ Netherlands, ti kọ ọ́ láti ọdún 1999 pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń lọ ó máa ń bọ̀ ni, ó wà níbi ẹkún fún ìgbà díẹ̀, ó bọ́ síbi owó ilé ìwé ọmọ àti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ó tún padà síbi ẹkún, ìlọbọ̀ yẹn ló sì ń jẹ́ kó lè mí. Ẹ̀rín tó rín lọ́sàn-án ò sọ ohun tó ń ṣe é tó bá délé tó rí gèlè ìyàwó ẹ̀ lórí ìkọ́.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe bíi pé ẹ ò rí i ni pé ẹ̀rù ń bà yín kẹ́ ẹ má lọ rán an létí. Ta ló gbàgbé? Ẹ lè kàn dúró níwájú tábìlì ẹ̀ kẹ́ ẹ ní "Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, àmọ́ ó dùn mí, mo máa ń rántí ìyàwó yín." Tẹ́ ẹ bá mọ obìnrin náà, ẹ dárúkọ ẹ̀, ẹ sọ nǹkan kan tẹ́ ẹ rántí nípa ẹ̀, bó ṣe máa ń gbé oúnjẹ wá fún un lọ́sàn-án, bó ṣe máa ń kí yín. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta wá jókòó tì í nílẹ̀ fún ọ̀sán méje òru méje láìsọ̀rọ̀ kan, ìgbà tí wọ́n wá lanu tí wọ́n ń ṣàlàyé ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí fún un ni wọ́n bà á jẹ́.

Ẹ má sì sọ pé "tẹ́ ẹ bá nílò nǹkan ẹ pè mí o". Kò ní pè yín. Ẹni tí nǹkan yìí ṣe ò lágbára láti máa wá ohun tó máa tọrọ kiri. Ẹ sọ pé "Sátidé mo ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ, mo fẹ́ kó wọn lọ gẹrun pẹ̀lú tèmi", kẹ́ ẹ sì wá. Tó bá jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ ló ń gbé wọn lọ sílé ìwé, ta ló ń gbé wọn báyìí? Ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn á tún kún ilé ẹ̀ lọ́jọ́ ìrántí ọdún, àmọ́ oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí àga onírẹ́ńtì ti lọ tipẹ́, ìgbà yẹn ni ilé máa ń dákẹ́ jù.

Ìbéèrè

Mà, èmi ni Dáódù ilé wa, ọmọ ọdún 26, Ayétòrò ni mò ń gbé. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí màmá mi kú, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Gbogbo èèyàn ní kí n máa ṣe bí ọkùnrin, kí n má sunkún lójú àwọn àbúrò mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìpele márùn-ún ni ọ̀fọ̀ ní, ó ní ó yẹ kí n ti dé ìkẹyìn. Voice note kan tí màmá fi ránṣẹ́ ṣì wà lórí fóònù mi, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ: "Ṣé o ti jẹun? Mo fi èlùbọ́ sílẹ̀ fún ẹ lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ, lọ gbà á kílẹ̀ tó ṣú." Alaalẹ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣé mò ń ya wèrè ni?

Ìdáhùn

Rárá o, ọmọ mi. O ò ya wèrè.

Ìpele márùn-ún tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ yẹn, dókítà kan tó ń jẹ́ Elisabeth Kübler-Ross ló gbé e jáde lọ́dún 1969, ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn tó mọ̀ pé àwọn fúnra àwọn ò ní pẹ́ kú ló sì ti rí i. Ẹ̀yìn náà làwọn èèyàn wá ń fi í wọn ọlọ́fọ̀ bíi kíláàsì ilé ìwé, tó ò bá tí ì yege wọ́n á ní o ti pẹ́ jù. Kò sí ìkẹyìn kankan tó yẹ kó o ti dé. Lóòótọ́, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé tí ìbànújẹ́ bá le lójoojúmọ́ kọjá oṣù mẹ́fà, tí kò jẹ́ kéèyàn lè ṣe nǹkan tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn dókítà ọpọlọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ó dọdún kan fún àgbàlagbà. Tó bá jẹ́ pé o ò lè lọ síbi iṣẹ́, tàbí o ò rí ìdí kankan láti wà láàyè mọ́, má dúró de oṣù kankan, lọ sọ́sibítù. Àmọ́ kéèyàn máa gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ kó tó sùn, ìfẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀ tó ń sọ ọmọ ní Yétúndé, tó ń sọ ọmọ ní Babátúndé, ìgbà wo la gbà pé òkú ti tán?

Ṣe ẹ̀dà voice note yẹn sí ibòmíràn o, kí fóònù má lọ bàjẹ́. Kó o wá pe àwọn àbúrò ẹ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan kẹ́ ẹ jọ gbọ́ ọ. Tó o bá sunkún, jẹ́ kí wọ́n rí i, àwọn náà ti ń sun tiẹ̀ nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì torí wọ́n rí i pé ẹ̀gbọ́n àwọn kì í sunkún, mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀.

Kó o kọ lẹ́tà sí mi padà. Sọ fún mi bí màmá ṣe máa ń ro àmàlà ẹ̀, ṣé ó máa ń le ni àbí ó máa ń rọ̀. Kó o sì kọ oríkì ẹ yẹn sínú ẹ̀, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pè ẹ́.